Ẹ Má Jẹ́ Kí Ojú Ọmọ Yín Wà Nínú Òkùnkùn

Ẹ̀yin òbí, ojú nìkan kọ́ ni a fi ń ríran. Ojú a máa gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ó ń sọ ohun tí ojú gbà di ohun tí a mọ̀. Bí ọmọ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó tó lè sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ń fi rírí nǹkan kọ́ ìríran. Ìgbà ẹ̀kọ́ yìí kì í sì í pẹ́ kọjá.

Ní ọdún 1963, David Hubel àti Torsten Wiesel, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ológbò tí wọ́n rán ìpéǹpéjú kan wọn pa fún nǹkan bí oṣù 3. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹyinjú náà kò bàjẹ́, síbẹ̀ kò ríran. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó yẹ kí ó máa jẹ́ ìpè rẹ̀ ti di ti ojú kejì. Àgbà ológbò kò rí irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ? Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a máa fi àwọn èròjà kan ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni GABA, èyí tí ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì rọlẹ̀, kí gbogbo wọn má baà máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà bí èrò ọjà. Nínú ẹranko tí a tọ́ sínú òkùnkùn, ètò GABA yìí kì í tètè gbó. Ní 1998, a rí i pé bí GABA kò bá tó nínú ọpọlọ èkúté, ìgbà ẹ̀kọ́ ìríran kì í bẹ̀rẹ̀. Oògùn tí ń ti GABA lẹ́yìn ni ó mú un bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ ènìyàn. A ń bí àwọn ọmọ mìíràn pẹ̀lú ohun funfun bí ìkùukùu lẹ́yìn ọmọlójú, tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa. Bí ó bá dí ojú kan pátápátá, ó dára kí a ṣe iṣẹ́ abẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbí. Bí a bá dúró títí ọmọ yóò fi dàgbà, a lè yọ ọ́ tán kí ojú náà má sì ríran dáadáa mọ́ láéláé.

Nítorí náà, ẹ wo ojú ọmọ yín nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ọmọlójú bá funfun, bí ojú bá ń gbọ̀n tàbí tí ó dà, tàbí tí ọmọ oṣù 3 kò tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá. Ẹ má ṣe kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i. Bí dókítà bá sì ní kí ẹ máa bo ojú tí ó dára fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, ẹ ṣe é bí ọmọ tilẹ̀ ń sunkún: ojú kejì ni ẹ ń fún ní àyè láti kẹ́kọ̀ọ́.