Jíà mẹ́rin tó jẹ́ mẹ́ta

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan, tó ti fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà, pè mí pé òun fẹ́ ra pickup Chevrolet àtijọ́ tí òun á máa fi kó ẹrù oko. Méjì ló rí. Jíà mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́, ọ̀pá rẹ̀ wà lára sítíárìn. Jíà mẹ́rin ni ti èkejì, ọ̀pá tirẹ̀ yọ láti ilẹ̀ ọkọ̀. Ó ní, "Prof, ṣebí onímẹ́rin ló máa sáré jù?" Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.

Nọ́ńbà jíà ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí kí ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń rọra lọ tó, tó sì ń lágbára tó.

Irú onímẹ́ta kan tó wọ́pọ̀ nígbà yẹn, Saginaw, ní 2.85, 1.68 àti 1.00. Onímẹ́rin tí wọ́n ń pè ní SM465, tí General Motors lò láti 1968 títí di 1991, ní 6.55, 3.58, 1.70 àti 1.00. Ẹ fọwọ́ bo 6.55 yẹn, kí ẹ wo ìyókù. Àbí kì í ṣe onímẹ́ta ló kù? Jíà tó kẹ́yìn jẹ́ 1.00 nínú méjèèjì, torí náà jíà mẹ́rin kò fi eré kankan kún un lójú títì.

Kí wá ni 6.55 wà fún? Ká ní jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ 3.73, tí táyà ga ní íǹṣì 29, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí nígbà 700 ní ìṣẹ́jú kan láìtẹ tọ́rótù. 6.55 lọ́nà 3.73 jẹ́ bíi 24.4. Táyà á yí bí ìgbà 29 ní ìṣẹ́jú, ọkọ̀ á máa lọ bíi kìlómítà 4 ní wákàtí: ìrìn ẹsẹ̀ lásán. Onímẹ́ta, ní jíà kìíní tirẹ̀, á máa lọ bíi 9, èèyàn ní láti sáré kó tó lè bá a. Bí ẹrù bá wúwo, tí ilẹ̀ sì rí gbágungbàgun, awakọ̀ rẹ̀ kò lè rọra jù bẹ́ẹ̀ lọ àfi kó di kilọ́ọ̀ṣì mú sí agbedeméjì, ibẹ̀ ni kilọ́ọ̀ṣì ti ń jóná. (Ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ rí kì í gbàgbé.)

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣófo, ẹ má fi jíà kìíní SM465 gbéra lójú títì. Ẹ ò ní tíì sọdá oríta tí ẹ́ńjìnnì á ti máa ké. Jíà kejì, 3.58, ṣì lágbára ju jíà kìíní onímẹ́ta lọ. Òun ni kí ẹ fi gbéra. Jíà kìíní yẹn kò tiẹ̀ ní synchro, ohun tó ń mú kí eré jíà méjì dọ́gba kí wọ́n tó wọra. Tí ẹ bá fipá kó o sí i nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, eyín á máa lọ ara wọn, ẹ̀yin náà á sì gbọ́ ọ.

Mo ní kó ra onímẹ́rin, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wádìí jíà ẹ̀yìn, torí àwọn tó ní 3.07 wà, àwọn tó ní 4.11 náà wà. Bó bá jẹ́ 3.07, kìlómítà 4 yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 5.