Wárápá Àjogúnbá Kì í Ràn

Ìyá kan kọ̀wé sí mi. Láti kékeré ni gìrì ti ń mú ọmọ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Nísinsìnyí ó ti di wárápá. Àbúrò bàbá ọmọ náà ní i pẹ̀lú. Nínú ilé, wọ́n ti ya àwo àti ife ọmọ sọ́tọ̀ nítorí itọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní, ṣé yóò ran àwọn yòókù?

Rárá o, ìyá wa. Ẹ dá àwo ọmọ padà sáàárín ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lónìí. N kò lè ti inú lẹ́tà mọ irú èyí tí ó mú un, ṣùgbọ́n irú kan wà tí ó jọ ọ́.

Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa ni a ti ń ṣe purotéènì. Bí okùn ni ó ń jáde. Àfi bí a bá ká a bí ó ti yẹ ni ó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ wo ilé alágbàfọ̀. Aṣọ tí a kò bá ká dáadáa kì í jáde lọ bá ẹni tí ó ni ín. Bí ọ̀kan bá wọ́, a ó tún un ká. Ṣùgbọ́n bí èyí tí kò ṣeé ká bá ń wọlé lójoojúmọ́, òkìtì rẹ̀ yóò dí ẹnu ọ̀nà, èyí tí ó dára pàápàá kò ní ríbi kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn ìdílé kan tí àbùkù wà nínú jíìnì wọn tí à ń pè ní GABRG2. Ó yẹ kí purotéènì rẹ̀ wà ní ojú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, kí ó máa pẹ̀tù sí i. Nínú irú àbùkù kan, ó gé kúrú, kò ṣeé ká, ó há sínú, ó sì ń fa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà rí i lára eku pé òkìtì náà ń ga sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àti pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń kú nítorí rẹ̀. Nínú ìdílé kan náà, gìrì ibà nìkan lè mú ẹnì kan, kí wárápá líle mú ẹlòmíràn. Èyí ya èmi pàápàá lẹ́nu.

Oògùn kan wà, phenylbutyrate, tí a ti ń lò fún àìsàn mìíràn. Ó ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti ká purotéènì. Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ díẹ̀ tí wárápá àbínibí irú mìíràn ń bá jà. Ẹ má tìtorí èyí wá a kiri ọjà. Oògùn tí dókítà kọ ni kí ẹ máa fún ọmọ, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé gìrì kò wá fún oṣù mélòó kan. Ẹ sọ ti àbúrò bàbá rẹ̀ fún dókítà.

Bí ó bá tún mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.