Asclepias incarnata: Òdòdó Olóje Funfun Inú Àbàtà

Asclepias incarnata jẹ́ ewéko tí ó máa ń hù fúnra rẹ̀ ní etí odò àti inú àbàtà tí oòrùn ń ràn sí, ní Amẹ́ríkà àti ní gúúsù Kánádà, òun àti bọmubọmu tí àwọn Yorùbá mọ̀ bí ẹní mowó sì jẹ́ ìbátan. Oje funfun tí ń sun jáde bí a bá já ewé bọmubọmu, èyí tí àwọn Fúlàní fi ń mú kí wàrà dì, ní irú lára ewéko àbàtà yìí náà. Nígbà òtútù, igi àti ewé rẹ̀ a kú, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ a wà láàyè nínú ilẹ̀, a sì tún rú nígbà tí ilẹ̀ bá móoru, títí tí yóò fi ga tó nǹkan bíi mítà 1 sí 1.5.

Láàrin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ní nǹkan bí oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, ni ó máa ń tanná. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, tí àwọ̀ wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, a jọ ṣù pọ̀ sórí igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì ní ife tíntìntín márùn-ún tí omi dídùn wà nínú wọn. Lẹ́búlẹ́bú tí òdòdó fi ń so èso kì í tú ká lára rẹ̀. Ńṣe ni ó dì sínú àpò méjì tí ohun kan tí ó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ so pọ̀. Bí ẹsẹ̀ oyin tàbí agbọ́n bá yọ̀ bọ́ sínú ihò tóóró tí ó wà láàrin ife, ẹ̀mú náà a há mọ́ ọn, kòkòrò náà a sì gbé àpò méjèèjì lọ sára òdòdó mìíràn. Èyí tí kò bá lágbára láti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ a kú síbẹ̀.

Májèlé tí ń da ìṣiṣẹ́ ọkàn rú, tí a ń pè ní cardenolide, wà nínú oje náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti àwọn ìbátan rẹ̀ kan. Síbẹ̀, ewé irú àwọn ewéko wọ̀nyí ni oúnjẹ ọmọ labalábá monarch kí ó tó hu ìyẹ́. Májèlé tí ó bá rí kó jọ níbẹ̀ ni ó sì ń mú kí ẹyẹ tí ó gbé e mì bì í, kí ó má sì sún mọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Bí èso rẹ̀ bá gbẹ, a là, afẹ́fẹ́ a sì fẹ́ kóró olówùú inú rẹ̀ lọ. Kóró náà nílò òtútù àti ọ̀rinrin fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ó tó hù dáadáa, ìdí nìyí tí àwọn ológbà fi máa ń gbìn ín kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbìn ín nítorí labalábá kò gbọdọ̀ fín oògùn apakòkòrò sí i, nítorí àwọn ọmọ labalábá gan-an ni ń jẹ ewé rẹ̀.