Ohun Ìdáná Ọ̀gbìn: Oore, Ewu àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Ní Ẹ̀rúnmu àti àwọn abà tí ó yí i ká lẹ́bàá Ìbàdàn, fífi ohun ọ̀gbìn dáná kì í ṣe àjèjì. Igi ìdáná ń bẹ, èédú ń bẹ. Ìhá tí ó kù lẹ́yìn tí a bá fún epo pupa tán kì í sì í ṣòfò. Ohun tí sáyẹ́ǹsì òde òní fi kún un ni sísọ ohun ọ̀gbìn di olómi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lè lò.

Ó rọrùn fún atúmọ̀ èdè láti pe gbogbo rẹ̀ ní “epo ọ̀gbìn”, ṣùgbọ́n orúkọ náà ń ṣini lọ́nà. Èyí tí a ń mú jáde láti ara ẹ̀gẹ́ tàbí ìrèké kì í ṣe epo. Ọtí ni, ọmọ ìyá ògógóró. Omi a máa gbà á mọ́ra, bẹ́ẹ̀ epo àti omi kì í dàpọ̀. A ó sọ sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ di ṣúgà, ìwúkàrà yóò sọ ṣúgà di ọtí, a ó sì sè é kí ooru rẹ̀ lè tutù, kí ó sì máa kán. Èyí tí a fi epo pupa tàbí epo ẹ̀pà ṣe fún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nìkan ni ó ń jẹ́ epo.

Bírásíìlì ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọtí ìrèké fún ọkọ̀ ní 1975. Ní 2007, ìlànà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fojú sùn ún pé kí ọtí jẹ́ ìdá 10 nínú 100 bẹntiróòlù, kí ẹ̀gẹ́ àti ìrèké sì jẹ́ orísun rẹ̀. Oore ibẹ̀ hàn: àgbẹ̀ yóò ní ọjà kejì nígbà tí gàrí bá pọ̀ yanturu, gáàsì kábọ́nì tí ó ń jáde nígbà tí ọtí bá jó sì jẹ́ èyí tí ewé ti fà nígbà tí ó ń dàgbà.

Ewu rẹ̀ náà kò kéré. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan kì í sábà mú ju nǹkan bíi lítà 180 wá. Agbára lítà ọtí kan sì tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù. Iná tí a fi ń sè é tún ń gba ìdáná mìíràn. Bí a bá gé igbó nítorí oko ẹ̀gẹ́ tuntun, kábọ́nì inú igi yóò tú jáde. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ni gàrí àti làfún. Bí ilé iṣẹ́ bá fowó lé e, àgbẹ̀ yóò yọ̀, ẹni tí ń ra gàrí lọ́jà yóò sì sunkún.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn, bí ewúrẹ́ tilẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀. A lè pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù nínú àgbá tí a dé pa, kí ó jẹrà, kí ó sì mú gáàsì wá fún ààrò. Nítorí náà, ó yẹ kí orúkọ fi ìyàtọ̀ hàn:

ohun ìdáná ọ̀gbìn: orúkọ àpapọ̀
ọtí ìdáná: ti ẹ̀gẹ́ àti ìrèké
epo ìdáná ọ̀gbìn: ti èso olóròóró
gáàsì ìjẹrà: ti èèpo àti ìgbẹ́ ẹran
ìdáná ajóúnjẹ: èyí tí a fi ohun jíjẹ ṣe
ìdáná ajópàǹtí: èyí tí a fi ohun tí a ó dànù ṣe

Bí olùkọ́ bá lo méjì tí ó kẹ́yìn yìí ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ètò ìdáná tuntun wá sí abà bàbá rẹ̀.