Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Wú Nínú Ọpọlọ: Ohun Tí A Jogún àti Ohun Tí A Lè Ṣe Sí I

Ògiri iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí ọpọlọ ní ìpele mẹ́ta. Bí ògiri yìí bá rọ̀ níbì kan, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń kọjá á máa tì í síta díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi yọ kókó bí ẹ̀gbẹ́ táyà tó fẹ́ bẹ́. Kókó yìí ni àwọn dókítà Kùtọ̀nú ń pè ní anévrisme. Oríta tí iṣan ti ń pín sí méjì nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ti wọ́pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń lu ògiri jù.

Nínú àgbàlagbà 100, nǹkan bí 3 ló ní in. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í bẹ́ láéláé, ẹni tó ní in kì í sì í mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dà yí ọpọlọ ká. Irú rọpárọsẹ̀ yìí ń pa nǹkan bí ẹni 1 nínú 3.

Ó ṣọ̀wọ́n kí a bí kókó náà mọ́ ènìyàn. Ògiri iṣan tí kò lágbára ni a sábà máa ń jogún. Bí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá ẹnì kan bá ti ní anévrisme, ewu tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹlòmíràn. Àrùn kíndìnrín kan tún wà tí àpò omi kéékèèké fi ń hù sínú kíndìnrín méjèèjì. Àléébù nínú apilẹ̀ àbùdá PKD1 tàbí PKD2 ló ń fà á, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí alárùn yìí bá bí sì lè jogún rẹ̀, ìdajì sí ìdajì. Nǹkan bí ẹni 1 nínú 10 tó ní àrùn náà ló ní anévrisme. Àléébù nínú apilẹ̀ àbùdá COL3A1, tí ń ṣe kọ́lájìn tó mú ògiri iṣan le, ṣọ̀wọ́n ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó ń mú kí iṣan tètè ya.

Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ibi 17 nínú àbùdá ènìyàn tó tan mọ́ anévrisme. Láti Yúróòpù àti Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ti wá. Ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun àjogúnbá mìíràn wà tó yẹ kí a kà mọ́ ọn: àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àìsàn yìí gbilẹ̀ níbí débi pé ọ̀kan nínú àwọn orírun àbùdá rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Benin láàárín àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti tẹ̀ bí dòjé ń ha inú iṣan, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú kí èyí tó kù máa sáré kọjá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ògiri iṣan á bàjẹ́. Ìdí nìyí tí anévrisme fi lè yọ lára alárùn yìí nígbà tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí ó sì sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ.

Láti ọdún 1993 ni Kùtọ̀nú ti ní ilé ìtọ́jú tí a yà sọ́tọ̀ fún fòníkú-fọ̀ladìde, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé àti aboyún. Ẹni tó jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún àbùdá rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, kò ní àìsàn náà. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ààyè 1 nínú 4 láti di SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn náà. Bí AS bá fẹ́ AC, bákan náà ni ọ̀rọ̀ SC, tó jẹ́ oríṣi mìíràn nínú àìsàn yìí, rí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ìgbéyàwó tó wáyé ṣe pàtàkì ní Àjàṣẹ́ àti Kétu bí ó ti ṣe pàtàkì ní Kùtọ̀nú.

Ohun tí a kò jogún náà ń fa ewu. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú wọn, sìgá ló tẹ̀ lé e, torí méjèèjì ń sọ ògiri iṣan di aláìlágbára. Ọtí àmujù náà wà níbẹ̀. Obìnrin ní anévrisme ju ọkùnrin lọ, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, nígbà tí ẹ́sítrójìn tó ń dáàbò bo iṣan bá dín kù. Kòkòrò àrùn tó wọ inú ọkàn tún lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ ba iṣan ọpọlọ jẹ́.

Àmì pé ó ti bẹ́ kì í fara sin: orí fífọ́ òjijì, irú èyí tí ẹni náà kò ní rí, tó le dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan. Èébì, ọrùn líle tàbí dídákú lè tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn, kí ó tó bẹ́, ìpéǹpéjú kan á wálẹ̀ tàbí kí ojú máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Èyí kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe ọfà ayé. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ síkánà, bíi CNHU Hubert Koutoukou Maga, ni kí wọ́n sáré gbé e lọ ní wákàtí yẹn gan-an. Níbi tí irinṣẹ́ bá wà, àwọn dókítà lè fi ìdè kékeré pa ẹnu kókó náà, tàbí kí wọ́n gba inú iṣan lọ dí i. Kókó tí kò tíì bẹ́, tí kò sì tó mílímítà 7, ni wọ́n sábà máa ń ṣọ́ láìṣiṣẹ́ abẹ.

A kò lè pààrọ̀ àbùdá, ṣùgbọ́n a lè mọ ìtàn ìlera ìdílé. Bí ẹ̀gbọ́n, bàbá tàbí ìyá bá kú ikú òjijì lẹ́yìn orí fífọ́, tàbí tí àrùn kíndìnrín bá wà nínú ẹbí, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín déédéé, ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí dókítà ti sọ, kí ẹ sì jáwọ́ nínú sìgá.