Kí Ambúláǹsì Tó Dé

Ká ní a wà lórí ìrun àṣámù, bàbá kan tó wà ní ìlà kejì bá ṣubú lulẹ̀ gbì! Kí là ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹnì kan á ní ebi aàwẹ̀ ni, ẹ bu omi sí i lẹ́nu. Òmíràn á máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Àwọn tó kù á pagbo yí i ká, wọ́n á máa ké “Láìláhà!” Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé e sínú mọ́tò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Iná kékeré kan wà tí Ọlọ́run Ọba dá mọ́ ọn, òun ló ń mú un lù. Bí iná náà bá dàrú, ọkàn á kàn máa gbọ̀n lásán ni, ẹ̀jẹ̀ ò ní lọ mọ́. Ẹni náà ò ní dáhùn, kò sì ní mí dáadáa. Ó lè máa mí gúlegúle bí ẹja tó wà lórí ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyẹn ní èémí. (Ẹni tó dákú lásán ń mí ní tirẹ̀, kì í sì í pẹ́ tó fi ń jí.) Láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ìrànlọ́wọ́, ìrètí pé yóò yè ń fi bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 dín kù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wo bọ́ọ̀lù Denmark àti Finland ní Copenhagen, lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí Christian Eriksen ṣubú láìsí ẹni tó kàn án. Wọn ò gbé e sáré lọ síbì kankan. Orí pápá níbẹ̀ ni wọ́n ti tẹ àyà rẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ oníná ta ọkàn rẹ̀ jí. Kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀, ó ti lajú. Nígbà tó di 2022, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù padà.

Ẹnì kan á ní, dókítà ló wà níbẹ̀. Ó dáa. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Denmark ṣe fún àwọn tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Láti 2005 ni wọ́n ti fi títẹ àyà sínú ẹ̀kọ́ ọmọ iléèwé. Láti 2006, ẹni tó fẹ́ gba láìsẹ́ǹsì mọ́tò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ní 2001, nínú 100 èèyàn tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ níta ilé ìwòsàn, bí 21 péré ni àwọn tó wà nítòsí tẹ àyà fún. Ní 2010, wọ́n ti di 45. Àwọn tó wà láàyè lẹ́yìn 30 ọjọ́ kúrò ní bí 3 tàbí 4 nínú 100, wọ́n di bí 11. Òótọ́ ni pé ìtọ́jú ilé ìwòsàn náà sunwọ̀n sí i, ọ̀pọ̀ sì ṣì ń kú. Ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ fọwọ́ gbá ẹni náà léjìká, ẹ pè é. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnì kan pe 112, kí òmíràn máa wá mọ́tò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ líle, ẹ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ sí àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó íńṣì méjì, ẹ jẹ́ kó dìde padà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, bí 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń rẹni o! Kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Egungun ìhà lè dá. Ẹ má torí ẹ̀ dúró, egungun á san. Omi ò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu, torí kò lè gbé e mì.

Wọ́n máa ń bi wá pé, bí a bá wà lórí ìrun ńkọ́? Ẹ já a. Àwọn onímọ̀ wa ti sọ pé a lè já ìrun láti gba ẹ̀mí là, ká padà wá kí i. Ìyá tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe, kó má wò ó pé ọkùnrin ló ṣubú. Ní tiwa, ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan pe nọ́ọ̀sì kan nínú oṣù yìí, kó wá fi tìmùtìmù kọ́ ìjọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tọmọdé tàgbà.