Olè gba owó, ìtìjú fẹ́ gba ẹ̀mí

Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlera lórí ètò yìí. Ti òní, àwọn méjèèjì ló pàdé nínú ilé kan ṣoṣo, ilé náà sì ni ilé tí wọ́n ti bí mi. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó wá sọ ọ́. Wọ́n ní, "Lọ sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá gbọ́, tó sì fi bọ́, mo ti jèrè díẹ̀ nínú ohun tí mo pàdánù."

Ìyá mi ti lé ní 70 ọdún. Gàrí ni wọ́n ń tà. Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà dáadáa. Ẹni tó ti ń tajà láti 40 ọdún, ṣé ó lè ṣàì mọ owó kà? Ọwọ́ wọn ni owó àjọ àwọn obìnrin ẹlẹ́gàrí máa ń wà. Obìnrin 17 ni wọ́n, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá 5.000 fáráǹ lóṣù. Tẹ́lẹ̀, inú kóló ni wọ́n ń kó o sí lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n máa fi sínú fóònù, sórí mómò, kí iná má bàa jó o, kí olè má bàa jí i. Ìmọ̀ràn rere ni. Ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ òní kí ẹ kó owó padà sínú kóló o.

Ìpè àárọ̀ náà

Ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, fóònù dún. Ọkùnrin kan ni. Ó kí wọn dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó ní, "Ìyá, iléeṣẹ́ fóònù ni mo ti ń pè yín. Ọmọ yín tó wà ní Kútọnu fi owó ránṣẹ́ sí yín, owó náà há sọ́nà."

Ìyá mi dárúkọ àbúrò mi, wọ́n bi í pé ṣé òun ni. Ó ní, "Òun náà ni, Ìyá. 60.000 ló fi ránṣẹ́." Láti ìgbà náà lọ, orúkọ àbúrò mi ló ń pè ṣáá, bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà. Nígbà tí a padà tú ọ̀rọ̀ yìí wò nílé, ohun tó yà wá lẹ́nu nìyẹn: gbogbo ohun tí olè náà "mọ̀", ìyá mi ló fẹnu ara wọn sọ fún un. Ọmọ ta ni kò sí ní Kútọnu? Ó kàn ju òkò sínú igbó ni, ó sì ba ẹyẹ.

Ó ní kí wọ́n wo iye tó wà nínú fóònù, kí wọ́n kà á fún òun, kí òun lè mọ̀ bóyá owó ti wọlé. Wọ́n kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá mi ń tẹ̀ ẹ́. Èdè Faransé ló ń jáde lójú fóònù, wọn ò sì gbọ́ Faransé. Ó pe nọ́ńbà gígùn kan, ó ní nọ́ńbà ìwé owó náà ni. Irọ́ ni, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ni. Ó tún ní, "Ẹ tẹ mẹ́jọ, ẹ tẹ márùn-ún, ẹ tẹ òdo lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ yára o, Ìyá, bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé, owó á padà." Ẹni tí wọ́n ń lé báyìí, kò ráyè ronú pé 85.000 lòun ń kọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ burú dé. Ó ní, "Ó kù kí ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Ẹ má sọ ọ́ fún mi o! Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́." Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn gbà á gbọ́. Olè wo ló máa ń kìlọ̀ fún èèyàn nípa olè?

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà pa fóònù. Nígbà tí 60.000 ò dé, wọ́n gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó ń ṣe mómò lábẹ́ agboòrùn. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Ìyá, kò sówó tó wọlé. 85.000 ló jáde."

85.000. Owó obìnrin 17. Wọ́n bẹ ọmọ náà kó má sọ fún ẹnì kankan, wọ́n sì lọ sílé.

Ìdí tí wọn ò fi sọ fún mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìyá mi fi gbé e mọ́ra. Wọ́n ta ewúrẹ́ méjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún òrùlé ṣe. Wọ́n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró kí owó rẹ̀ lè wọnú gbèsè náà. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní ara àwọn le.

Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi? Ó dùn mí láti sọ, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ òní ò wúlò. Ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n ṣi nọ́ńbà tẹ̀, 2.000 fáráǹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a ò mọ̀. Mo pariwo lé wọn lórí níwájú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Mo ní bí wọn ò bá mọ fóònù lò, kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Nítorí 2.000! Ọjọ́ yẹn ni mo ti ẹnu ìyá mi pa, n kò sì mọ̀.

Àwọn olè náà mọ̀ pé àgbà tí ojú ń tì kì í sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn pè. Ó ní ọlọ́pàá lòun, pé ọwọ́ ti tẹ gáìmán tó gba owó wọn, kí wọ́n fi 12.000 ránṣẹ́ fún ìwé kí wọ́n lè rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Wọ́n fi ránṣẹ́. Ta ni ìbá sọ fún wọn pé irọ́ ni, nígbà tí kò sẹ́ni tó gbọ́ sí i?

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni òòyì kọ́ wọn nídìí gàrí. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó jẹ́ 190 lórí 110. Ó ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ dá oògùn dúró?" Wọn ò fèsì. Omi ló ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Owó olówó ni. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé bó bá ti ń dé 140 lórí 90 ni àwọn ti ń fojú sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Èèyàn lè máa rìn, kó máa tajà, kò ní dùn ún, àfi ọjọ́ tó bá rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, tàbí tó bá ba ọkàn tàbí kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà, a kì í fúnra wa dá oògùn rẹ̀ dúró, kódà bí ara bá le. Bí owó oògùn bá wọ́n, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, wọ́n lè wá èyí tí agbára yín ká. Àìsùn àti àròkàn tún ń dá kún un.

Ó ní kí àwa ọmọ máa kíyè sí àgbà tó bá dédé yí padà: kò jẹun tó bíi tẹ́lẹ̀, ó ń ta ohun tí kì í tà, ó ń gbọ̀n bí fóònù bá dún, ó ń yẹra fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè má jẹ́ àìsàn ni. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti "ikú yá ju ẹ̀sín," àwọn baba wa sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ hùwà ìbàjẹ́, kó lè fà sẹ́yìn. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹni tí wọ́n jà lólè kò jalè. Ẹ̀sín olè ni, kì í ṣe ẹ̀sín ìyá mi.

Ẹ dá wọn mọ̀

Ọ̀nà wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú mẹ́rin.

Èkíní, "owó yín há sọ́nà." Owó tó ń wọlé kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí. Ìgbà tó bá ń jáde ló ń béèrè. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí.

Èkejì, "mo ṣèèṣì fi owó sí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà." Wọ́n á fi iṣẹ́ ayédèrú ránṣẹ́ tó jọ ti mómò. Ẹ má wo iṣẹ́ náà. Ẹ wo iye tó wà nínú fóònù yín. Bí kò bá lé, owó kankan ò wọlé. Bó bá sì lé lóòótọ́, iléeṣẹ́ fóònù ni kó bá wọn sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, "ọmọ yín ní jàǹbá, ó wà nílé ìwòsàn." Ẹ pa ìpè náà, kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ pe ọmọ yín. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, "ẹ ti jẹ ẹ̀bùn, ẹ san owó díẹ̀ kí ẹ lè gbà á." Ẹ̀bùn tí a ń sanwó fún, ọjà ni.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Kíákíá ni. Ẹ pe iléeṣẹ́ fóònù yín, tàbí kí ẹ lọ bá ẹni tó ń ṣe mómò tí ẹ mọ̀, kó bá yín pè wọ́n. Bí olè ò bá tíì yọ owó náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dì í mú. Ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí. Ẹ má pa iṣẹ́ tó wà lójú fóònù rẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà tó pè, ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí kọmisáríà. Ní Benin, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, ka irú jìbìtì yìí sí ọ̀ràn. Iléeṣẹ́ kan sì wà fún ìwádìí rẹ̀, CNIN ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́pàá tòótọ́ kì í sọ pé kí ẹ fi owó mómò ránṣẹ́ kí òun tó bá yín wá owó yín.

Tiwa, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó dé kọmisáríà. Wọ́n gba ẹjọ́ wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kò tíì padà títí dòní.

Ọjọ́ tí ìyá mi sọ ọ́ láàárín ẹgbẹ́

Mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ bá àwọn obìnrin ẹlẹ́gàrí. Kí wọ́n tó lanu ni mo ti dọ̀bálẹ̀, mo ní àwa ọmọ máa san 85.000 náà díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi wá rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó pariwo. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ló dìde, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ohùn yẹn náà ló pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tiyín. Ó gba 6.000 lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí, n kò sọ."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ká ní obìnrin yẹn ti sọ ọ́ lọ́jà, ìyá mi kì bá ti gbé fóònù náà dání pẹ́. A ò bá a wí o, nítorí ohun tó ṣe náà ni ìyá mi ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, wọ́n fi í ṣe òfin ẹgbẹ́: ẹni tí wọ́n bá pè, ì báà gba owó ì báà má gbà, yóò sọ ọ́ ní ọjọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi í rẹ́rìn-ín.

Nílé tiwa náà, a ṣe òfin. Bí ìpè owó bá dé, ìyá mi á ní, "Ẹ dúró, mo fẹ́ pe ọmọ mi." Èmi náà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé nígbàkigbà tí wọ́n bá pè mí, n kò ní kanra. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lónìí, nídìí fóònù, àwa ọmọ ló yẹ ká máa tún orí àgbà ṣe, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe tún tiwa ṣe. Ìyá mi ti padà sídìí oògùn wọn. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kẹ́yìn, ó jẹ́ 138 lórí 84.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, bí ẹ bá jókòó lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sáàárín. Ta ló ti gba irú ìpè yìí láàárín yín, kí ni wọ́n sọ fún un? Ta ni àgbà kọ̀ọ̀kan yín máa pè kó tó tẹ nọ́ńbà àṣírí? Ẹ̀yin ọmọ, ìgbà wo lẹ pariwo mọ́ àgbà kẹ́yìn nítorí fóònù, ṣé ẹ ti padà lọ bẹ̀ ẹ́?

Èmi ti bẹ tèmi. Ó tún di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.